Abẹ́rẹ́ fúlúù ní England: ta ló yẹ kó sanwó, ta ni kò yẹ kó san kọ́bọ̀

Bí oṣù kẹsàn-án bá ti ń parí lọ, àwọn kẹ́míìsì á lẹ ìwé mọ́ fèrèsé pé abẹ́rẹ́ àjẹsára fúlúù ti dé, iye owó rẹ̀ á sì wà nísàlẹ̀ ìwé náà. Láàárín àwa Yorùbá tó ń gbé England, àwọn kan wà tó ń sanwó fún ohun tí ìjọba ti san fún wọn tẹ́lẹ̀. Àwọn mìíràn sì wà tó yẹ kí wọ́n dúró ṣírò rẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó kọjá lọ. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ló máa ń jẹ yọ jù níbi ìsọmọlórúkọ, lẹ́yìn ìsìn, àti nínú àwọn ẹgbẹ́ WhatsApp. England nìkan ni ọ̀rọ̀ mi dá lé. Scotland, Wales àti Northern Ireland ní ètò tiwọn.

Ṣé fúlúù kì í ṣe ọ̀fìnkìn lásán ni?

Rárá o. Ọ̀fìnkìn á mú kí imú máa ṣàn, ọ̀fun á máa dunni, ṣùgbọ́n èèyàn á ṣì dé ibi iṣẹ́. Fúlúù kì í yọ́ wọlé. Ẹni tó jí dáadáa láàárọ̀ lè má lè gbé orí nílẹ̀ tó bá fi máa di alẹ́: ara gbígbóná, orí fífọ́, ikọ́, gbogbo oríkèé ara á máa ro ó, àárẹ̀ á sì mú un tó bẹ́ẹ̀ tó fi ní láti di ògiri mú kó tó dé ilé ìtọ̀. Mo gbà pé ọ̀pọ̀ wa tó dàgbà ní Nàìjíríà ti ní in rí, ṣùgbọ́n ibà la pè é. A lo oògùn ibà, ó lọ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, a wá ní oògùn náà ló ṣiṣẹ́.

Fún ọ̀dọ́ tí ara rẹ̀ le, ọ̀sẹ̀ kan lórí ibùsùn ni, àti ikọ́ tó lè pẹ́ díẹ̀ kó tó tán. Fún arúgbó, aláboyún, ọmọ ọwọ́, tàbí ẹni tí àìsàn mìíràn ti wà lára rẹ̀, ó lè di òtútù àyà, kó sì gbé onítọ̀hún dé ọsibítù.

Ta ni NHS, ètò ìlera ìjọba, ń fún lọ́fẹ̀ẹ́?

Ẹ ka ibí yìí tán kí ẹ tó fa káàdì yọ.

Ẹni tó ti pé ọdún 65, tàbí tí yóò pé e kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀. Aláboyún náà, yálà oyún ṣẹ̀ṣẹ̀ dúró ni tàbí ó ti kù díẹ̀ kó bí. Ọmọ ọdún 2 àti 3, àti ọmọ ilé ìwé láti Reception dé Year 11, ìyẹn nǹkan bí ọmọ ọdún 4 sí 16. Ẹni tó ń gbé ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Lẹ́yìn ìyẹn ni àwọn tó ní àìsàn ọlọ́jọ́ pípẹ́: àrùn ọkàn, ti ẹ̀dọ̀fóró, ti ẹ̀dọ̀, ti kíndìnrín, àtọ̀gbẹ, ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti kọ lù rí, ẹni tó ní kòkòrò HIV, ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ, àti ẹni tó sanra débi pé BMI rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń fi ìwúwo ara wé gíga, pé 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Àwọn kan tún wà tí àwọn èèyàn wa kì í rántí pé wọ́n wà níbẹ̀. Ẹni tó ń tọ́jú arúgbó tàbí aláìsàn nínú ilé, tó jẹ́ pé òun gan-an ni onítọ̀hún gbójú lé, tàbí tó ń gba Carer's Allowance, owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún olùtọ́jú. Ẹni tó ń bá ẹni tí ara rẹ̀ kò lè gbógun ti àrùn mọ́ gbé lábẹ́ òrùlé kan náà, bí ẹni tí wọ́n pààrọ̀ kíndìnrín fún. Àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti ti ìtọ́jú, tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹni ọdún 50 sí 64 ti gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ rí, nígbà tí Kòrónà gbòde, títí dé ìgbà òtútù 2022 sí 2023. Wọ́n ti yọ wọ́n kúrò lẹ́yìn ìyẹn, àfi ẹni tí ìdí mìíràn bá gbé wọlé. Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń bá òṣìṣẹ́ kẹ́míìsì jà pé "ẹ ṣáà fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jọ́sí." Òótọ́ ni wọ́n ń sọ, ètò ló yí padà.

Ẹ̀jẹ̀ ríru ni mo ní, ojoojúmọ́ ni mo sì ń lo oògùn rẹ̀. Ṣé ọ̀fẹ́ ni tèmi?

Ẹ̀jẹ̀ ríru nìkan kò tó, àfi bó bá ti dá wàhálà sílẹ̀ fún ọkàn, tàbí bí kíndìnrín náà bá ti ní àrùn. Ìdáhùn yìí kì í dùn mọ́ àwọn èèyàn wa nínú, torí ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ láàárín wa. Àmọ́ ẹ wo gbogbo oògùn tó wà nínú àpò yín kí ẹ tó gbà pé ẹ kò sí níbẹ̀. Àtọ̀gbẹ máa ń bá ẹ̀jẹ̀ ríru rìn, àtọ̀gbẹ sì wọlé, kódà bó jẹ́ oúnjẹ nìkan lẹ fi ń ṣọ́ ọ.

Ti ikọ́ fée náà ní ààlà tirẹ̀. Ẹni tó ń fa oògùn steroid déédéé, tàbí tí wọ́n ti torí rẹ̀ dá dúró sí ọsibítù rí, ó wọlé. Ẹni tó jẹ́ pé inhaler aláwọ̀ búlúù nìkan ló ń fà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò wọlé.

Ọmọ mi jẹ́ SS.

Ọ̀fẹ́ ni tirẹ̀, láti ọmọ oṣù mẹ́fà títí di àgbà, lọ́dọọdún. Sickle cell máa ń ba ẹ̀yà ara kan jẹ́, èyí tí dókítà ń pè ní spleen, tó wà lára àwọn tó ń bá ara gbógun ti kòkòrò. Nítorí náà, fúlúù àti òtútù àyà tó lè tẹ̀ lé e kì í ṣe ohun tí a ń fi ọmọ SS dán wò. Ẹ má jókòó ṣírò owó lórí eléyìí rárá.

Bí ẹni tó wà ní káńtà bá ní òun kò rí sickle cell lórí ìwé tó wà níwájú òun, ẹ rọra ní kó bá yín pe apòògùn fúnra rẹ̀. Abẹ́ àwọn tí spleen wọn kò ṣiṣẹ́ dáadáa ni wọ́n fi í sí, orúkọ àrùn náà lè má hàn lójú ẹsẹ̀. AS ní tirẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Iṣẹ́ kẹ́à ni mo ń ṣe. Ọ̀gá mi kò sọ nǹkan kan nípa abẹ́rẹ́. Ṣé kí n lọ sanwó?

Ẹ má san. Ibí gan-an ni owó àwọn èèyàn wa ti ń ṣòfò jù. Àìmọye ọmọ Yorùbá ló wà nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, iṣẹ́ ilé ìtọ́jú àgbà, àti iṣẹ́ lílọ láti ilé dé ilé láti wẹ arúgbó, wọ aṣọ fún un, kí wọ́n sì fún un lóúnjẹ. Gbogbo ẹni tó ń fọwọ́ kan aláìsàn tàbí arúgbó lẹ́nu iṣẹ́ ni ètò náà fẹ́ kó gba abẹ́rẹ́ yìí. Ìdí méjì ló wà níbẹ̀: kí òṣìṣẹ́ má baà dùbúlẹ̀, kó má sì gbé àrùn wọ ilé ẹni ọdún 90.

Ọwọ́ ẹni tó gbà yín síṣẹ́ ló yẹ kó ti kọ́kọ́ wá. Ọsibítù NHS máa ń ní ètò fún un, wọ́n tilẹ̀ máa ń gbé e dé wọ́ọ̀dù. Bí ilé ìtọ́jú tàbí ilé iṣẹ́ kẹ́à tí ẹ wà kò bá ní irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹ lè gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́dọ̀ GP yín, ìyẹn dókítà àdúgbò, tàbí ní kẹ́míìsì tó ń bá NHS ṣe é. Ẹ mú báàjì iṣẹ́ tàbí ìwé owó oṣù dání bí wọ́n bá béèrè ẹ̀rí. Ẹni tó jẹ́ pé ọ́fíìsì ilé iṣẹ́ kẹ́à ló jókòó sí, tí kì í dé ọ̀dọ̀ aláìsàn, kò sí nínú wọn.

Mo mọ̀ pé ẹni tí fíísà rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀ kì í fẹ́ béèrè ohun tó pọ̀ jù. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé ẹ lè gba kẹ́míìsì lọ tààrà láìbá ọ̀gá fà á.

Fíísà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wà níbí. Ṣé ìyẹn dí mi lọ́wọ́?

Fíísà kọ́ ni wọ́n fi ń yan ẹni tó máa gba abẹ́rẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ọjọ́ orí, àìlera àti iṣẹ́ ni. Akẹ́kọ̀ọ́ ọdún 26 tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá yóò sanwó, gẹ́gẹ́ bí òyìnbó ọdún 26 tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá ṣe máa san. Akẹ́kọ̀ọ́ tó lóyún kò ní san.

Ẹni tí ìwé rẹ̀ kò pé náà lè forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ GP. Kò pọn dandan kí ó fi ìwé ìgbélùú tàbí ẹ̀rí àdírẹ́sì hàn, bí wọ́n tilẹ̀ ń béèrè rẹ̀ ní àwọn ibòmíràn.

Màmá mi wá láti Ìbàdàn láti bá wa wẹ ọmọ. Ẹni ọdún 68 ni wọ́n. Ṣé àwọn náà lè gbà á?

Ọjọ́ orí wọn ti gbé wọn wọlé, ìtọ́jú ọ̀dọ̀ GP ní England kì í sì í ṣe ohun tí wọ́n ń gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ àlejò. Ẹni tó máa dúró ju wákàtí 24 lọ àmọ́ tí kò ní tó oṣù mẹ́ta, GP lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó máa pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí ó forúkọ sílẹ̀ bíi ti gbogbo èèyàn.

Ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ ni pé GP kún, wọ́n á ní kí ẹ padà wá lọ́sẹ̀ mẹ́ta òní. Bó bá rí bẹ́ẹ̀ fún màmá tèmi, tí òtútù ti bẹ̀rẹ̀, tí ọmọ tuntun sì wà nílé, n kò ní dúró. Màá sanwó ní kẹ́míìsì lọ́jọ́ yẹn gan-an. Ara màmá tó ti gbé gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ nínú oòrùn Ìbàdàn, tó wá bọ́ sínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kì í ṣí, tí gbogbo ilé ń wúkọ́, kò yẹ kí a fi £20 dán an wò.

N kò sí nínú gbogbo àwọn tí ẹ kà yìí. Ṣé kí n sanwó?

A ti dé orí ọ̀rọ̀. Ní kẹ́míìsì àti ní àwọn súpámákẹ́ẹ̀tì tó ní ilé oògùn nínú, nǹkan bíi £20 sí £25 ni wọ́n sábà máa ń gbà. Ẹ lè rí èyí tó dín díẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀ bí oníṣòwò.

Ilé iṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí àrùn, CDC, fojú bù ú pé nǹkan bí èèyàn 8 nínú 100 ni fúlúù ń dá dùbúlẹ̀ lọ́dún kan. Ó lè jẹ́ 3, ó sì lè tó 11, bí ọdún bá ṣe rí. Ẹ mú 100 èèyàn tó ń ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí, tí owó wọn jẹ́ £12.21 ní wákàtí kan, ìyẹn owó tó kéré jù lábẹ́ òfin fún ẹni ọdún 21 sókè ní ọdún ìṣúná 2025 sí 2026. Wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, ọjọ́ márùn-ún, £488 nìyẹn. Bí mẹ́jọ nínú wọn bá fi ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan dùbúlẹ̀ láìrí owó, wọ́n pàdánù nǹkan bíi £3,900 lápapọ̀. Bí abẹ́rẹ́ bá gba ìdajì wọn lọ́wọ́ àrùn náà, ó gbà wọ́n lọ́wọ́ àdánù £1,950. Iye tí gbogbo 100 náà san fún abẹ́rẹ́, ní £20 ẹnì kọ̀ọ̀kan, sì jẹ́ £2,000.

Ẹ rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba. Bí a bá wo owó nìkan, kì í ṣe ìwà òmùgọ̀ láti san án, kì í sì í ṣe ìwà òmùgọ̀ láti má san án. Nítorí náà, ẹ má fetí sí ẹni tó ń sọ pé dandan ni, ẹ má sì fetí sí ẹni tó ní jìbìtì ni. Ohun méjì ló ń ti òṣùwọ̀n náà síbì kan.

Àkọ́kọ́ ni irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, tí wọ́n ń sanwó rẹ̀ pé bó bá ń ṣàìsàn, kò pàdánù owó kankan. Ẹni tó ń wa Uber, ẹni tó ń di irun, ẹni tó ń se oúnjẹ àríyá, kò sí ẹni tó máa sanwó àìsàn fún un. Ọjọ́ tí kò ṣiṣẹ́, kò jẹ. Àárín àwọn méjèèjì ni ẹni tó ń gba SSP wà, owó àìsàn tí òfin là sílẹ̀, £118.75 lọ́sẹ̀ ní ọdún ìṣúná kan náà. Ẹ fi wé £488 kí ẹ wo ohun tó kù. Tí mo bá jẹ́ onítakisí tó ń gbé oríṣiríṣi èèyàn tó ń wúkọ́ sẹ́yìn ọkọ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́, n kò ní ro ó pẹ́ kí n tó san £20 yẹn.

Èkejì, òun ló wúwo jù lójú mi: ta lẹ jọ ń gbé? Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò lè gba abẹ́rẹ́ yìí rárá. Ohun tó ń dáàbò bò ó ni èyí tí ìyá rẹ̀ gbà nígbà oyún, àti kí àwọn tó ń gbé e má ní àrùn náà. Arúgbó tó gbà á, ara rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gba iṣẹ́ rẹ̀ tó ti ọ̀dọ́. Ìjọba kò ka "mo ń bá ìyá àgbà gbé" sí ìdí fún ọ̀fẹ́, àfi tó bá jẹ́ ẹ̀yin gan-an lẹ ń tọ́jú wọn. Ilé òyìnbó, tí ẹni méjì ń gbé nínú yàrá mẹ́ta, kọ́ ni mo ń sọ. Ilé wa ni mo ń sọ: bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, ìyá àgbà, àti ẹ̀gbọ́n kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé tó ń wá ilé. Ẹnì kan mú un wọlé, gbogbo ilé á kó o.

Ẹni ọdún 30 tó ń dá gbé, tí ara rẹ̀ le, tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ ń sanwó àìsàn, lè fi owó rẹ̀ ra ohun mìíràn, n kò ní bá a wí.

Ṣé èyí tí a fowó rà dára ju ti ọ̀fẹ́ lọ?

Kò dára jù ú lọ. Fún ẹni tí kò tíì pé 65, irú kan náà ló sábà máa ń jẹ́. Nínú firíìjì kan náà ni apòògùn ti lè mú ti ẹni tó sanwó àti ti ẹni tí NHS san tirẹ̀. Fún ẹni ọdún 65 sókè, NHS ní àwọn irú kan tó yàn fún wọn nítorí pé ara arúgbó nílò ohun tó máa ta á jí dáadáa. Nítorí náà, arúgbó tó bá lọ sanwó níbikíbi, kó kọ́kọ́ béèrè bóyá irú tó bá ọjọ́ orí rẹ̀ mu ni.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́ tó?

Kì í ṣe ìgbà gbogbo ló ń ṣiṣẹ́ bákan náà. Fúlúù máa ń pààrọ̀ ìrísí rẹ̀. Ní oṣù kejì ọdọọdún ni Àjọ Ìlera Àgbáyé máa ń kéde irú kòkòrò tí wọ́n máa fi ṣe abẹ́rẹ́ ìgbà òtútù tó ń bọ̀ fún apá àríwá ayé, kí àwọn ilé iṣẹ́ lè rí oṣù bíi mẹ́fà ṣe é. Nígbà mìíràn kòkòrò náà á ti yà kúrò lọ́nà kí òtútù tó dé. Ní ọdún tí méjèèjì bá bára mu dáadáa, ó ń dín ewu àìsàn náà kù ní nǹkan bíi 40% sí 60%. Ní ọdún tí kò bá bára mu, ó lè kéré sí i. Ṣùgbọ́n ẹni tó gbà á tí fúlúù ṣì mú, ewu pé yóò dé ọsibítù máa ń dín kù.

Ohun kan dára láti mọ̀: ẹ̀yà fúlúù kan, B/Yamagata, kò tíì sí ẹni tó rí i mọ́ láti oṣù kẹta ọdún 2020. Ìdí nìyẹn tí abẹ́rẹ́ tó ń gbógun ti ẹ̀yà mẹ́rin tẹ́lẹ̀ fi padà di ti ẹ̀yà mẹ́ta. Wọn kò dín in kù láti fi rẹ́ yín jẹ.

Mo gbà á lọ́jọ́ kan, abẹ́rẹ́ ọ̀hún ló wá fi fúlúù ṣe mí.

Kòkòrò tó wà nínú abẹ́rẹ́ àgbàlagbà ti kú. Kò lè dá fúlúù sí ẹnikẹ́ni lára. Ohun tó lè ṣe ni kí apá wú díẹ̀, kí ara gbóná tàbí kó máa ro yín fún ọjọ́ kan sí méjì. Ó tún máa ń tó ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá kí agbára rẹ̀ tó délẹ̀, àárín ìgbà yẹn sì ni gbogbo ìlú ń wúkọ́ sí ara wọn. Ẹni tí fúlúù bá mú láàárín ọ̀sẹ̀ kìíní, kó tó gba abẹ́rẹ́ ló ti kó o, tàbí ó kó o kí abẹ́rẹ́ tó ṣiṣẹ́.

Ìgbà wo ló dára jù?

Àwọn ọmọdé àti aláboyún lè bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹsàn-án. Fún àgbàlagbà yòókù, ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹwàá ni NHS máa ń ṣílẹ̀kùn, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é bẹ́ẹ̀ ni. Agbára rẹ̀ ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, wọ́n fẹ́ kó ṣì wà lára àwọn arúgbó nígbà tí àrùn náà bá le jù, tó sábà máa ń jẹ́ oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Kẹ́míìsì tó ń tà á máa ń ti oṣù kẹsàn-án bẹ̀rẹ̀. Bàbá ọdún 70 tó lọ sanwó lọ́jọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án kó má baà tò lẹ́yìn ẹnikẹ́ni ti fi £20 ra ohun tó lè ṣàárẹ̀ kí ọdún tuntun tó dé.

Mò ń lọ sílé fún Kérésì.

Ẹ gbà á ní ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán kí ẹ tó wọ bàálù. Kò sí ẹni tó máa béèrè ìwé rẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú bí wọ́n ṣe ń béèrè káàdì ibà pọ́njú. Àmọ́ ní ilẹ̀ olóoru, kò sí ìgbà tí fúlúù kì í jà láàárín ọdún. Ẹ tún ronú nípa ohun tí ẹ̀yin lè gbé lọ: wákàtí mẹ́fà nínú bàálù tó kún, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí bàbá ọdún 80. Ní Nàìjíríà, abẹ́rẹ́ fúlúù kò sí nínú àwọn àjẹsára tí ìjọba ń fún gbogbo èèyàn. Ọsibítù aládàáni ni wọ́n ti ń rà á. Bóyá bàbá yẹn kò sì gba irú rẹ̀ rí láyé.

Mùsùlùmí ni wá. Mo gbọ́ pé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyí tí wọ́n ń fín sí ọmọ nímú nílé ìwé.

Òótọ́ ni. Èyí tí wọ́n ń fín sí imú ní gelatine tí wọ́n mú jáde lára ẹlẹ́dẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan nínú ẹ̀sìn gbà pé ó ti yí padà kúrò ní ohun tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, àwọn mìíràn kò gbà bẹ́ẹ̀. Ti yín lẹ máa bá àlùfáà yín sọ. Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé abẹ́rẹ́ wà tí kò ní gelatine náà nínú, ọ̀fẹ́ sì ni fún ọmọ tí òbí rẹ̀ kọ ti imú. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé ìyọ̀ǹda tí ilé ìwé fi ránṣẹ́. Ẹ má kàn fi ìwé náà sílẹ̀ láìfèsì, torí ọ̀pọ̀ ọmọ wa ló ń ti ibẹ̀ pàdánù ohun tó jẹ́ tiwọn.

Ara mi kò gba ẹyin.

Ẹ sọ fún apòògùn ṣáájú. Irú tí wọn kò fi ẹyin ṣe wà.

Wọ́n fi ohùn kan ránṣẹ́ lórí WhatsApp pé wọ́n fẹ́ fi dín àwa aláwọ̀ dúdú kù.

N kì í fi àwọn tó ń bẹ̀rù ṣe ẹlẹ́yà. Ní Kano lọ́dún 1996, Pfizer dán oògùn kan tó ń jẹ́ Trovan wò lára àwọn ọmọ tó ní àrùn yírùnyírùn. Ẹjọ́ tẹ̀ lé e, ilé iṣẹ́ náà sì gbà lọ́dún 2009 láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ọ̀rọ̀ náà pẹ̀lú ìjọba ìpínlẹ̀ Kano. Ẹni tó rántí ìyẹn ní ìdí láti béèrè ìbéèrè.

Ṣùgbọ́n oògùn tí wọ́n ń dán wò nìyẹn, lára àwọn ọmọ tálákà, níbi tí ojú ayé kò dé. Abẹ́rẹ́ fúlúù yìí ni àwọn arúgbó òyìnbó ń tò fún lọ́dọọdún, òun kan náà ni wọ́n ń fún àwọn dókítà. Ẹ wo tani ń gbà á, kì í ṣe tani ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀.

Mo ti pinnu láti sanwó. Báwo ni mo ṣe máa ṣe é?

Ẹ kọ́kọ́ béèrè níbi iṣẹ́. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ló máa ń fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tí wọ́n lè fi gbà á lọ́fẹ̀ẹ́ ní kẹ́míìsì, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí ímeèlì tí ẹnikẹ́ni kì í kà. Bí kò bá sí, ẹ wo iye owó ní ibi méjì tàbí mẹ́ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ó máa ń yàtọ̀ láti ibì kan sí èkejì ní òpópónà kan náà. Wọ́n á bi yín nípa ọjọ́ orí, oyún, ohun tí ara yín kì í gbà, àti bóyá ara yín gbóná lọ́jọ́ yẹn. Bí wọ́n bá ń ṣe èyí ni ẹlòmíràn máa ń ṣàwárí pé ọ̀fẹ́ ni tòun. Ẹ dáhùn gbogbo rẹ̀ ní òtítọ́, ẹ má fi àtọ̀gbẹ pamọ́ nítorí àlejò tó wà lẹ́yìn yín.

Ọmọ kékeré ní tirẹ̀ ṣòro: ọ̀pọ̀ kẹ́míìsì ní ọjọ́ orí tí wọn kì í lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ fún àwọn tó ń sanwó. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó gbé ọmọ jáde nínú òtútù.

Ṣé GP mi lè tà á fún mi?

Kò lè gba owó rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀. Bí ẹ kò bá sí lára àwọn ọ̀fẹ́, kẹ́míìsì lẹ máa lọ.

Oṣù kìíní ti dé, mi ò tíì gbà á. Ṣé ó ti bọ́?

Kò tíì bọ́. Ètò NHS ń lọ títí di ọjọ́ 31 oṣù kẹta, fúlúù náà kì í dédé parí nígbà tí ọdún tuntun bá dé. Fún ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ ọ̀fẹ́, kó lọ lónìí. Fún ẹni tó máa sanwó, ìgbà tó kù láti fi jàǹfààní rẹ̀ ti kúrú, àwọn kẹ́míìsì kan á sì ti tà á tán. Bí arúgbó tàbí ọmọ ọwọ́ bá wà nílé, màá ṣì san án nínú oṣù kìíní. Bí kò bá sí, ẹ lè fi owó náà pamọ́ di oṣù kẹwàá.